Ọkọ̀ Spọ́ọ̀tì Tówó Rẹ̀ Já Wálẹ̀: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín Lórí Ẹ́ńjìnnì Tó Ní Àléébù

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ń pòòyì lé: ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tó jẹ́ a-rí-má-leè-rà nígbà tó jáde, tó wá di ohun tí wọ́n ń gbé kiri ní Berger àti Lẹ́kkí ní iye tí kò jìnnà sí ti Corolla. A mú mẹ́fà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè nípa ọkọ̀ tí omi ti wọ̀, ẹ ní sùúrù, tiyín ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Wọ́n ní “IMS”, wọ́n sì bu owó mi sí ìdajì

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Porsche Boxster ọdún 2003 ni mo ní, 2.7, gíà mánúà. Mo ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń wà á dé Island. Mo gbé e síta fún títà, dílà mẹ́ta ní Victoria Island ló sọ̀rọ̀ kan náà fún mi: “Ẹ̀gbọ́n, IMS wà nínú ẹ̀.” Wọ́n wá ń ná an ní ìdajì iye tí mo pè é. Kò sì kọṣẹ́ rí o. Ṣé jìbìtì kọ́ nìyí? — Òǹkàwé yín, Sùúrùlérè*

Kì í ṣe jìbìtì, àmọ́ ìdajì ti pọ̀ jù.

IMS ni ṣáfùtù kan tó wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì M96 tó wà nínú ọkọ̀ yín. Ó ń gba agbára lọ́wọ́ kíráńkì, ó sì ń fi ṣéènì gbé e fún àwọn camshaft, ìyẹn ṣáfùtù tó ń ṣí fálúfù, lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí òun àti gíà ti pàdé, ni ìdí ṣáfùtù náà ti jókòó sórí béárìn kékeré kan tí wọ́n dí lẹ́nu láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú gírísì nínú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, ọ́ìlì á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí béárìn wọlé, á fọ gírísì dànù, kò sì ní ríbi jáde dáadáa mọ́. Ọ́ìlì tó há síbẹ̀ á dógbó, á dọ̀tí, béárìn á wá máa yí lórí ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ tó bá fọ́, ṣáfùtù á máa gbọ̀n, ṣéènì á fo eyín, fálúfù á kọlu písítìnì. Èérún irin béárìn á ti bá ọ́ìlì lọ síbi gbogbo kí ẹ tó pa sítáàtì. Ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn.

Àwọn tó ni ọkọ̀ pe Porsche lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi àdéhùn parí rẹ̀. Boxster àti 911 ti ọdún 2001 sí 2005 ni ẹjọ́ náà dá lé, àwọn tí béárìn wọn jẹ́ onílà kan, ìyẹn tí bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ tò sí ìlà kan ṣoṣo. Iye tí wọ́n gbé jáde nínú ẹjọ́ náà ni pé nǹkan bí 8 nínú 100 béárìn wọ̀nyí ló ń bàjẹ́, nígbà tí ti onílà méjì tó ṣáájú wọn kò tó 1 nínú 100. Tiyín jẹ́ onílà kan.

Ẹ wá ro ó. Nǹkan bí 92 nínú 100 kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra tiyín kò mọ̀ bóyá inú 92 ló wà tàbí inú 8, ẹ̀yin náà kò sì fi nǹkan kan hàn án. Àìmọ̀ yẹn ni wọ́n ń bù kúrò lára owó yín ju béárìn fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ “ọjọ́ Sátidé nìkan” létí oníbàárà tó mọ ọkọ̀ mọ́. Ẹ rò pé ẹ ń yin ọjà yín ni, ẹ ń bà á jẹ́. Ọkọ̀ tó ń jókòó lọ́sẹ̀, tó wá ń rin ìrìn kúkúrú kí ọ́ìlì rẹ̀ tó gbóná dáadáa, omi àti ásíìdì ni ọ́ìlì rẹ̀ ń kó jọ, irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ló sì ń há sínú béárìn yìí. Boxster tó ń lọ Ìbàdàn tó ń bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn ju èyí tó ń sùn lábẹ́ tapólì lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní lífìtì. Ẹ gbẹ́ ọ́ìlì rẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́, sínú bàsíà funfun tó mọ́ tónítóní. Filítà ọkọ̀ yìí kì í ṣe agolo, bébà tó ká jọ ni, inú ìdérí ike ló ń gbé. Ẹ fi abẹ gé bébà náà kúrò, ẹ na án sórí pátákó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wá fi máágínẹ́ẹ̀tì rìn án láti òpin dé òpin. Èérún dídán tó bá fò mọ́ máágínẹ́ẹ̀tì, irin ni, béárìn sì ni ẹ kọ́kọ́ máa fura sí. Ẹ má sítáàtì ọkọ̀ náà mọ́. Èyí tó ń dán tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, alúmínọ́ọ̀mù ni, ó lè wá láti ibòmíràn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ burú tó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ike aláwọ̀ ilẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ń wá láti ara ike tí ṣéènì ń gbára lé. Ó ń sọ fún yín pé ike náà ń jẹ, kì í ṣe ẹjọ́ ikú. Tí bébà náà bá mọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ àti déètì nínú fọ́tò kan náà.

Èkejì ni pípààrọ̀ béárìn náà. Gíà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi máa ń ṣe é pọ̀ mọ́ kílọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn kíráńkì lẹ́ẹ̀kan náà, torí owó iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Ẹ bi mẹkáníìkì ní ìbéèrè kan kó tó fọwọ́ kan bóòtù: “Kí lẹ máa fi ti camshaft pa?” Kíráńkì gbọ́dọ̀ wà ní ojú àmì, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin ti òun àti camshaft, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú àwọn tẹ́ńṣọ́nà ṣéènì kí fìláǹjì tó bo béárìn tó jáde. Ẹni tó bá ní kò nílò gbogbo ìyẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ. Táímìnì, ìyẹn bí kíráńkì àti camshaft ṣe ń bá ara wọn rìn, tó sá ní ìdí IMS ti ba ẹ́ńjìnnì tí béárìn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan jẹ́.

Béárìn àtijọ́ tí wọ́n bá yọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Ẹ fi sínú ọ̀rá, kí rìsíìtì béárìn tuntun, fọ́tò iṣẹ́ àti iye máìlì ọjọ́ náà wà pẹ̀lú rẹ̀. Oníbàárà tó bá fi ìka yí béárìn náà wò, tó rí i pé kò họ, kò gbọ̀n, kò ní lè ná yín ní ìdajì mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa yí ní kìlómítà 8,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ìwé tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ fi àyè sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, àmọ́ sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìkòròdú Road kò sí nínú ìwé náà.

Fún àwọn tó ń ka èyí bí olùrà: ẹ́ńjìnnì ọdún 2006 sí 2008 ní béárìn tó tóbi jù, tí kì í sábà bàjẹ́, àmọ́ wọn kì í lè yọ ọ́ láìla ẹ́ńjìnnì sí méjì. Láti 2009, ẹ́ńjìnnì tuntun kò ní irú ṣáfùtù yìí rárá. Àwọn 911 kan tó sá fún IMS wá bọ́ sọ́wọ́ àìsàn mìíràn, kí ògiri sílíńdà máa họ. Ẹ wo ẹnu sílẹ́ńsà: tí ti apá kan bá dúdú ju ti èkejì lọ gan-an, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣe tíkì-tíkì tó bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà kékeré wo inú sílíńdà kí ẹ tó sanwó. 911 Turbo àti GT3 ìgbà náà ní ẹ́ńjìnnì tiwọn lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí owó tiwọn kò fi bá ti àwọn yòókù já.

M3 tówó rẹ̀ dùn jù

*Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, wọ́n fi BMW M3 ọdún 2008 lọ̀ mí, V8, tòkunbọ̀, máìlì 78,000. Mo bèèrè nípa rod bearing, onítọ̀hún rẹ́rìn-ín, ó ní ariwo àwọn tí kò lówó ọkọ̀ ni. Ó ní ìyàwó òyìnbó arúgbó kan ló ń wà á tẹ́lẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Àbúrò yín, Ìkòyí*

Àbúrò, gbogbo ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tó gba Tin Can wọ Èkó, arúgbó kan náà ló ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì S65 ni ọkọ̀ yẹn ní, ó ń yí dé 8,400 níṣẹ̀ẹ́jú kan. Kọnrọ́ọ̀dù mẹ́jọ, ìyẹn irin tó so písítìnì mọ́ kíráńkì, ló wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì di kíráńkì mú pẹ̀lú awẹ́ béárìn méjì, ìyẹn awẹ́ 16 lápapọ̀; àwọn ni wọ́n ń pè ní rod bearing. Ààyè tó wà láàárín awẹ́ àti kíráńkì kéré gan-an, ọ́ìlì tí wọ́n pàṣẹ fún un sì ki: 10W-60. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí awakọ̀ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ́ìlì tó ki yẹn kò tètè rọ́nà wọ ààyè tó há náà, irin á máa họ irin. Ìwọ̀nba ni lójoojúmọ́, àmọ́ kì í padà. Awẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ní òjé àti bàbà nínú; nígbà tó yá wọ́n yí i sí oríṣi tó le jù, ààyè há síbẹ̀. Nítorí náà ẹ má gbà kí wọ́n fi “ti ọdún 2012 ni” dá yín lójú.

Ohun tó mú èyí léwu ju IMS lọ lójú olùrà ni pé kò ní ariwo. Awẹ́ tó ti jẹ dé bàbà á ṣì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Tí ẹ bá wá gbọ́ kí ó máa nọ́ọ̀kì, ó ti bọ́, kíráńkì ti họ, ẹ́ńjìnnì lẹ ń wá kiri nìyẹn. Kò sí mẹkáníìkì tó lè fi etí lásán gbọ́ ọ kó tó pẹ́ jù.

Ìwé ni kí ẹ máa bèèrè. Rìsíìtì tó sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ awẹ́, nọ́ńbà páàtì, máìlì rẹ̀ ọjọ́ náà, àti fọ́tò àwọn 16 tí wọ́n yọ, tí wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Tí kò bá sí, ẹ ná an bí ọkọ̀ tí wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọkọ̀ tó ti rin máìlì 78,000 láìsí ìwé, iṣẹ́ tó ń dúró dè yín ni.

Iṣẹ́ náà kò nílò kí ẹ́ńjìnnì jáde. Wọ́n á fi irin gbé e dúró láti òkè, wọ́n á sọ férémù irin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kalẹ̀, wọ́n á yọ agbada ọ́ìlì, wọ́n á sì máa ṣe kọnrọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóòtù kọnrọ́ọ̀dù 16 gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, torí pé wọ́n máa ń fà nígbà tí wọ́n bá so wọ́n. Èyí tó ti fà lẹ́ẹ̀kan kò ní dì mọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ń fi ìwọ̀n ìdè àti ìwọ̀n yíyí so wọ́n ni, ẹni tó bá fẹ́ fi agbára apá so ó, ẹ má jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ lítà 8.8.

Lórí ọ́ìlì: ayédèrú 10W-60 kún Èkó. Ẹ ra lọ́wọ́ ẹni tó lè fún yín ní rìsíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ẹnu ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gún gálọ́ọ̀nù òfìfo kí ó tó kúrò ní gárèjì, torí gálọ́ọ̀nù tó dára ni àwọn oníjìbìtì ń wá láti tún rọ nǹkan mìíràn sí.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má sítáàtì ọkọ̀. Ẹ fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti ń fi nǹkan pamọ́. Àwọn iná kékeré yí géèjì RPM ká: tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, wọ́n á fi hàn yín pé kí ẹ má kọjá ibì kan, wọ́n á sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná. Ẹ wo bóyá ẹni tó ń wà á fún yín ń tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá fi ẹ́ńjìnnì tútù sá eré fún oníbàárà, ẹ mọ bó ṣe ń wà á nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó.

Ohun mìíràn tí ẹ lè fi ná an: mọ́tò kékeré méjì tó ń ṣí ẹnu àfẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Eyín inú wọn máa ń jẹ, ọkọ̀ á sì dín agbára rẹ̀ kù lójijì. Tó bá ṣẹlẹ̀ lórí Third Mainland Bridge, kò dùn.

Ṣé RX-8 dára fún ojoojúmọ́?

*Mo rí Mazda RX-8 ní Allen, ó rẹwà, owó rẹ̀ kò tó ti Camry. Ìkejà ni mo ń gbé, Apápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. — Ọ̀dọ́mọkùnrin kan*

Rárá. Kò dára fún ìrìn yẹn.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní písítìnì. Rótọ̀ onígun mẹ́ta méjì ló ń yí nínú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan sì wà ní ṣóńṣó igun kọ̀ọ̀kan tó ń dí afẹ́fẹ́. Irin yẹn ń jẹ. Ẹ́ńjìnnì náà ń mu ọ́ìlì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, nítorí náà ẹni tí kò bá ń yẹ ọ́ìlì wò ń pa á ni. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Apápá, ooru, àti kí ẹ sítáàtì rẹ̀ kí ẹ sì pa á kó tó gbóná, gbogbo rẹ̀ ló lòdì sí i. Tí ẹ bá sítáàtì rẹ̀ láti gbé e kúrò níwájú géètì, tí ẹ sì pa á lójú ẹsẹ̀, pẹtiróòlù lè kún inú rẹ̀ kó kọ̀ láti tún dáhùn.

Tí ẹ kò bá lè gbàgbé rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dán kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tó fi ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀, wò pẹ̀lú irinṣẹ́ ẹ́ńjìnnì rótọ̀, èyí tó ń ka ojú mẹ́ta rótọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Géèjì tí àwọn mẹkáníìkì wa ń lò fún ẹ́ńjìnnì písítìnì á fi nọ́ńbà kan ṣoṣo hàn yín, ojú tó lágbára jù á sì bo èyí tó ti kú mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n Mazda fún un ni 830 kPa nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 250 níṣẹ̀ẹ́jú, 680 ni ó kéré jù, ìyàtọ̀ láàárín ojú mẹ́ta rótọ̀ kan kò sì gbọdọ̀ ju 150 lọ. Èyí tó bá kọ̀ láti sítáàtì nígbà tó bá gbóná, tó sì ń jẹ́ nígbà tó bá tutù, kọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí wọ́n bá dára, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Sẹ́ńsọ̀ camshaft lẹ́ẹ̀mejì, iná ṣì ń tàn

*Mercedes SLK 350 ọdún 2006 ni mo fẹ́ tà. Iná check engine kò kú. Rewáyà mi ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ camshaft lẹ́ẹ̀mejì. Alágbàtà kan wá ní kí n ra ẹ́ńjìnnì “Belgium” ní Ládípọ̀ kí n fi sí i, kí n tà á kíákíá. Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣe? — Ìyáàfin kan, Ìṣọlọ̀*

Ìyá, ẹ kọ́kọ́ dá rewáyà dúró. Kí síkánà kà kóòdù fún yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá wà láàárín P0016 sí P0019, ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ ni pé kíráńkì àti camshaft kò bá ara wọn rìn mọ́. Sẹ́ńsọ̀ ni oníṣẹ́ kan rí, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńsọ̀ máa sọ òótọ́.

Ẹ́ńjìnnì M272 ìgbà náà ní ṣáfùtù kan tó ń mú ẹ́ńjìnnì rìn jẹ́jẹ́, eyín gíà tó wà lórí rẹ̀ ni ṣéènì táímìnì ń gbà kọjá. Wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú irin tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ṣe gíà yẹn, eyín rẹ̀ sì ń tètè jẹ. Bí eyín ṣe ń jẹ, táímìnì ń sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì tí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà rẹ̀ kò ju 468993 lọ ni Mercedes tọ́ka sí. Kì í ṣe SLK nìkan o: ẹ̀yin tí ẹ ń wa E350 àti CLK 350 ìgbà kan náà, ẹ lọ wo tiyín.

Ọ̀nà wà láti rí i láìtú ẹ́ńjìnnì. Kí mẹkáníìkì yí kíráńkì dé àmì 305 lára púlì, kó yọ àwọn sẹ́ńsọ̀ camshaft kúrò níwájú, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò wọn. Àmì tó wà lára àgbá camshaft gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín ihò náà gan-an. Tó bá ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, gíà ti jẹ. Iṣẹ́ yìí kò gba wákàtí púpọ̀, kò sì ná yín ní sẹ́ńsọ̀ kẹta.

Láti tún un ṣe, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ọkọ̀. Ṣáfùtù tuntun àti ṣéènì tuntun ni wọ́n á fi sí i; kí wọ́n má fi ṣéènì àtijọ́ lé gíà tuntun lórí. Owó iṣẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju páàtì lọ.

Ní ti Ládípọ̀, ìmọ̀ràn alágbàtà náà kò burú tán, àmọ́ ó fi ohun tó ṣe kókó sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa tà fún yín lè ní gíà kan náà. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ lójú ara yín kí ẹ tó yọ owó, kó ju 468993 lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sára rìsíìtì pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀, ìwé ọkọ̀ yín ti yàtọ̀ sí ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nìyẹn, torí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé. Ẹ lọ tún un ṣe kí ẹ tó polówó. Olùrà tó bá fi ìwé wé ẹ́ńjìnnì tí wọn kò bára mu, kò ní ná yín rárá, á kàn bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, ó sì tọ̀nà.

Tí ẹ kò bá fẹ́ ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ tà á bó ṣe wà, kí ẹ fi kóòdù àti fọ́tò ihò sẹ́ńsọ̀ han olùrà. Owó tí ẹ máa gbà á kéré, àmọ́ kò ní kéré tó ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń fi sẹ́ńsọ̀ bo ọ̀rọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tó yẹ kí n dá?

*Gbogbo yín ń sọ àléébù, ẹ kò sọ ìṣirò. Ẹ fún wa ní ìṣirò. — Lẹ́kkí Phase 1*

Ó dáa. Àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà wọ̀nyí, ẹ fi tiyín rọ́pò wọn.

Ká ní irú ọkọ̀ náà tó ní gbogbo ìwé àtúnṣe ń lọ ní mílíọ̀nù 20. Ẹ bèèrè iye páàtì láti òkè òkun, ká ní mílíọ̀nù 2.2, kíkó o wọlé àti kọ́sítọ́ọ̀mù, 500,000, owó iṣẹ́, 800,000. Ó di 3.5. Ẹ fi ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ kún un fún ohun tí wọ́n máa rí nígbà tí wọ́n bá ṣí i, torí wọ́n máa ń rí nǹkan: 1.05. Àpapọ̀ jẹ́ 4.55. Tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì gé filítà wò, ó ṣeé ṣe kó ti máa jẹ. Ká ní ẹ́ńjìnnì mìíràn jẹ́ mílíọ̀nù 9, tí ewu rẹ̀ sì jẹ́ 8 nínú 100: 720,000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 5.27. Ẹ dá mílíọ̀nù 14.73. Àwọn dílà tó ń ná ti ará Sùúrùlérè ní ìdajì ti fi nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún sápò ara wọn nínú irú ìṣirò yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi 8 nínú 100 ṣe gbogbo ọkọ̀. Béárìn IMS dà bíi táyà tó lè pani lójijì tàbí kó má ṣe nǹkan kan títí tí yóò fi gbó. Awẹ́ S65, irin rótọ̀ RX-8 àti gíà M272 ìgbà àkọ́kọ́ ń jẹ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Fún irú wọn, ẹ kà á sí 100 nínú 100, kí ẹ yọ gbogbo owó àtúnṣe láìsí ẹ̀bẹ̀, àyàfi tí ìwé bá wà.

Ohun tó jẹ́ kí owó irú ọkọ̀ báyìí já ní Èkó ju bó ṣe já ní ìlú òyìnbó ni pé dọ́là ni páàtì ń jẹ́. Bí náírà bá ṣubú, owó àtúnṣe gòkè lọ́jọ́ kejì, owó tí wọ́n ń ra ọkọ̀ náà kò sì bá a gòkè. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ti camshaft pa náà kò pọ̀, wọ́n sì mọ iye ara wọn. Tí ẹ bá fẹ́ tà, ẹ má dúró de oṣù tí dọ́là á wálẹ̀.

Síkánà ní kò sí kóòdù kankan, ṣé mo lè gbà á gbọ́?

*— Yábàá*

Ẹ má tíì gbà á gbọ́. Kóòdù ṣeé pa rẹ́ nínú ìṣẹ́jú kan níwájú géètì yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé tí síkánà ń pè ní “readiness”. Àwọn ìdánwò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀: katalítíkì, sẹ́ńsọ̀ oxygen, òórùn pẹtiróòlù. Tí ọ̀pọ̀ wọn bá ń sọ pé àwọn kò tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ láìpẹ́ tàbí kí wọ́n ti tú bátìrì. Bátìrì tuntun lè jẹ́ ìdí rẹ̀ lóòótọ́, nítorí náà ẹ bèèrè rìsíìtì bátìrì. Tí kò bá sí, ẹ sọ fún un pé kó wà á fún ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà tó já gaara àti nínú ìlú, ẹ ó padà wá. Ẹ mú síkánà tiyín dání nígbà tí ẹ bá ń padà lọ.